Ẹ̀rọ Tó Fọ Gbogbo Wa, Tó Fi Abọ́ Sílẹ̀

Ẹni tó fún mi ní ẹ̀rọ náà kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ohun tó kàn ń sọ ṣáá ni pé, "Ẹ ṣáà bá mi gbé e kúrò níbí." Ayọ̀ kò jẹ́ kí n bi í léèrè ìdí.

Ẹ̀rọ ìfọbọ́ ni, ti ayé àwọn bàbá wa, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1950 sí 1960. Òkè ni wọ́n ti ń ṣí ìdérí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kéékèèké mẹ́rin wà lábẹ́ rẹ̀ tí èèyàn fi ń tì í lọ sídìí síǹkì, kí ó tó so rọ́bà rẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. Kò ní apá tó ń fọ́n omi yíká bíi ti ìsinsìnyí. Abẹ́bẹ̀ kan ló wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Bí mọ́tò bá ti ń yí abẹ́bẹ̀ yìí, á máa gbá omi sókè, omi á sì máa lu abọ́ tí wọ́n tò lé e lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ abẹ́bẹ̀ yẹn sọ́kàn.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni táímà rẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ẹ̀rọ náà. Mọ́tò tíńtín kan ló ń rọra yí àwọn irin róbótó tí etí wọn rí gbágungbàgun. Ibi tí etí bá ti yọ síta, á tẹ súwíìṣì kan, omi á wọlé. Ibi tó bá ti jìn, á tú súwíìṣì sílẹ̀, omi á dá. Bí ẹ bá jókòó tì í, ẹ ó fojú rí ohun tó ń rò. Ti òde òní tó bá bàjẹ́, á kọ lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan síwájú orí, á wá dákẹ́, ìwọ ni wàá lọ máa wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó mi wí ní ọjọ́ tí mo tì í wọlé, "ibo lẹ wá ní kí n máa gbà kọjá?"

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà etí ìdérí ti le, ó ń rún mọ́ mi lọ́wọ́. Rọ́bà tó yí ọ̀pá mọ́tò ká, tí kì í jẹ́ kí omi jò sí mọ́tò lára, ti sán. Ẹ̀rọ tó ń lo omi, tó bá pẹ́ tí kò rí omi, gbígbẹ ló ń bà á jẹ́ ju iṣẹ́ lọ. Ẹfun tí omi ti kó jọ sára irin inú rẹ̀ nípọn débi pé mo da fínígà sí i títí gbogbo ilé fi ń ta sánsán. Àwọn agbọ̀n wáyà tí wọ́n ń to abọ́ sí ti dípẹtà. Mo ha wọ́n, mo kùn wọ́n, mo tún wọn kùn. Sípánà wà lórí tábìlì, sukurudíráfà wà lórí àga, bóòtì kan tí mi ò mọ ibi tó ti já wá wà nínú ife tí mo fi ń mu omi.

Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni pé àwọn ìbejì gbọ́ orúkọ ẹ̀rọ náà, ni wọ́n bá da iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kí Táíwò fọ abọ́, èsì kan ló máa gbọ́: "Ẹ̀rọ Dádì ló máa fọ̀ ọ́." Abọ́ ń ga sí i nínú síǹkì. Nígbà tó bá di òru, tí gbogbo wọn ti sùn, èmi tí mo ń tún ẹ̀rọ ìfọbọ́ ṣe ni mo máa ká apá aṣọ sókè, tí màá fi kànìnkànìn fọ ìkòkò.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi bá mi nídìí ẹ̀. Ó béèrè pé ọkùnrin wo ló tilẹ̀ jókòó tó ronú kan irú nǹkan báyìí. Inú mi dùn. Mo ní kì í ṣe ọkùnrin, obìnrin ni: Josephine Cochrane, ará Shelbyville ní ìpínlẹ̀ Illinois. Mo ní àwọn kan ti gbìyànjú ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ló ṣiṣẹ́. Ó gba ìwé àṣẹ tó fi hàn pé òun ló ṣe é ní oṣù Kejìlá ọdún 1886, ó sì gbé e lọ síbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Chicago ní 1893. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ ń rà á. Mo ní ohun tí wọ́n ní ó bí obìnrin náà nínú ni pé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń já etí àwọn àwo iyebíye rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ wọ́n.

Ìyàwó mi fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"Obìnrin yẹn ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀ kí wọ́n má baà fọwọ́ fọ abọ́ mọ́," ló wí. "Ẹ̀yin gbé tiyín dé, ẹ wá ń fọ abọ́ lóròòru."

Ó lọ sùn. Mo fọ àwo méjì tó kù.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo fi mítà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wò bóyá iná ń kọjá, yẹ gbogbo súwíìṣì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá èyí tó wà lábẹ́ ìdérí, tó ń pa mọ́tò tí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Mítà ní ara gbogbo wọn le. Ọjọ́ tí mo fẹ́ dán an wò ni bàbá ìyàwó mi bẹ̀ wá wò, nínú aṣọ funfun báláú. Bàbá kì í gba ohun tí wọn ò bá fojú rí gbọ́. Mo to abọ́ sínú ẹ̀rọ, mo da ọṣẹ sí i, mo so rọ́bà mọ́ ẹ̀rọ omi, mo yí táímà. Omi wọlé. Abẹ́bẹ̀ gbéra. Ẹ̀rọ náà ń kùn, gbogbo ilé dákẹ́, orí mi ń wú.

"Àna mi, ṣé ó ti ń fọ̀ ọ́ báyìí?"

"Ó ti ń fọ̀ ọ́, sà."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mo ní ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún, sà.

"Kó máa dún nìkan kọ́. Èmi náà lè máa dún."

Bàbá bá na ọwọ́, wọ́n ṣí ìdérí.

Ó yẹ kí mọ́tò kú lójú ẹsẹ̀. Kò kú. Omi ọṣẹ gbéra láti inú ẹ̀rọ, ó lọ kan àjà, ó pín níbẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ bá gbogbo wa. Ọpẹ́lọpẹ́ pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Fìlà Bàbá kọ́kọ́ lọ. Kàkà kí wọ́n pa ìdérí dé, wọ́n dì í mú síwájú ojú bí asà jagunjagun, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn, bẹ́ẹ̀ ìdérí náà sì wà lára ẹ̀rọ, ni ẹ̀rọ bá ń yí lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé wọn. Rọ́bà já kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ìyẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú tirẹ̀ sílẹ̀. Kẹ́hìndé ń pariwo pé òjò ń rọ̀ nínú ilé, Táíwò ti sáré lọ mú ọṣẹ ìwẹ̀. Ìyàwó mi ń pe orúkọ mi, èyí tí mo jẹ́ gan-an, kì í ṣe Bàbá Ìbejì. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yọ́ dé ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fi aṣọ gbígbẹ kan di ọwọ́, mo fa púlọ́ọ̀gì yọ.

Nígbà tí mo tú súwíìṣì abẹ́ ìdérí náà wò lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ yé mi. Irin pẹlẹbẹ méjì ló ń fara kanra nínú rẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá yà, iná á tà pàrà láàárín wọn, á jó ojú wọn díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ojú náà á ti rí págunpàgun. Iná tí mítà ń rán gba inú wọn kéré, kò lè dá wọn láàmú, ìdí nìyẹn tí mítà fi ń yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tí mọ́tò ń fà nígbà tó bá ń gbéra pọ̀ gan-an, òun ló jó méjèèjì lẹ̀ mọ́ra pinpin. Ìdérí ì báà ṣí, ì báà pa dé, kò kan mọ́tò mọ́.

Bàbá mú fìlà wọn nílẹ̀, wọ́n fún omi inú rẹ̀ dànù. Wọ́n wá tẹ̀ síwájú, wọ́n wo inú ẹ̀rọ, wọ́n mú àwo kan jáde, wọ́n fi ìka ra ojú rẹ̀.

"Èyí ò tíì mọ́," ni wọ́n wí.

Kò sẹ́ni tó dáhùn, nítorí ìyàwó mi ti gbójú sókè, gbogbo wa sì gbójú sókè pẹ̀lú rẹ̀. Ibi tí omi ti lu àjà ti funfun gbòò, róbótó, ó ń dán. Ìgbà yẹn la tó mọ àwọ̀ tí èéfín ti fún gbogbo ibi tó kù. A ti ń gbé abẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, a rò pé bí wọ́n ṣe kùn ún nìyẹn.

Ìyàwó mi lọ gbé àkàbà wá. Bàbá ní àwọn máa bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, aṣọ àwọn ṣáà ti rin gbingbin náà.

"Kànìnkànìn yín rèé," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó."