Láti Hamburg dé Phoenix: ta ló ń gbé mi dé ìdí rélùwéè?

Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní Hamburg, ní Jámánì, kí iṣẹ́ tó gbé mi wá sí Phoenix, ní Amẹ́ríkà. Bí àwọn ará Hamburg bá pè mí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ sì ni. Láti 2020 ni ilé iṣẹ́ Waymo ti ń fi í gbé ará ìlú lágbègbè yìí. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ mi á máa tàn lórí òrùlé rẹ̀ kí n lè dá a mọ̀. N óò de bẹ́líìtì, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, àfi bí ẹni pé ànjọ̀nú ló jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, "ẹ ṣeun" ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí pé kò séèyàn.

Ní Hamburg, èèyàn ló ń wa MOIA, ọkọ̀ àjọwọ̀ tí mo máa ń fi fóònù pè. Kì í wá sẹ́nu ọ̀nà. Fóònù á ní kí n rìn dé igun kan, á sì kó èmi àtàwọn tá a jọ ń lọ sápá ibì kan náà. Ó máa ń yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún, èyí tó ń sú mi nígbà míì.

Síbẹ̀, àárò Hamburg ń sọ mí. Láti 1965 ni bọ́ọ̀sì, rélùwéè àti ọkọ̀ ojú omi wọn ti wà lábẹ́ HVV, àjọ tó so ọkọ̀ èrò ibẹ̀ pọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì kan ló ń wọ gbogbo wọn. Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù gbogbo Jámánì dé ní May 2023, yúrò 49 péré ni. Mò ń san owó MOIA lọ́tọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú áàpù HVV náà ni mo ti ń pè é.

Níbí, áàpù Waymo lọ́tọ̀, owó rélùwéè Valley Metro lọ́tọ̀. Téèyàn bá ti jókòó sínú ọkọ̀ tó tutù yẹn tán, kí ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ṣe nídìí rélùwéè? Oòrùn ibí kì í sì í ṣe eré: ní 2023, ọjọ́ 31 léraléra ló mú ju ìwọ̀n 43 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ta ni yóò fẹsẹ̀ rin ogún ìṣẹ́jú nínú ìyẹn? Ibi tó yẹ kí ọkọ̀ aláìláwakọ̀ ti wúlò jù nìyẹn, láti ilé dé ìdí rélùwéè.

Bí mo ṣe ń lò ó nìyẹn. Àwọn ará ibiṣẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ahun ni mí. Lánàá, ọkọ̀ Waymo kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè wa níbi iná pupa, ẹnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti sùn lọ fọnfọn. Àwa kọjá.