Kí Wọ́n Tó Sọ Gíà Ọkọ̀ Yín Kalẹ̀

Bí ọkọ̀ mánúàlì bá wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Apo, l'Abuja, tí awakọ̀ rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, gíà ń ké," ìbéèrè ni mo kọ́kọ́ máa ń dà bò ó. Ìgbà wo ló ń ké? Ṣé bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan náà ló ń ké, àbí ó di ìgbà tó bá rìn? Bí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì (clutch) ńkọ́? Bí ẹ bá ṣẹ́ kọ́nà ńkọ́? Àwọn mìíràn máa ń bínú, wọ́n á ní mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í béèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Mo ti rí ọ̀pọ̀ gíà tí wọ́n sọ kalẹ̀ lásán, tó jẹ́ pé bíárìn táyà, òrùka irin tí táyà fi ń yí, ló ń hu.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ fa háńbúréèkì, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi gíà sí niútírà, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Bó bá ń ké báyìí, tó wá dákẹ́ nígbà tí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀, ẹ fura sí bíárìn inú gíà, pàápàá ti ọ̀pá tó ń gba agbára wọlé láti ara ẹ́ńjìnnì, torí ọ̀pá yẹn ń yí títí ẹ ó fi tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Bó bá dákẹ́ tẹ́lẹ̀ tó wá ń han nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, release bearing ni, ìyẹn bíárìn tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì kó lè já, torí òun kì í ru ẹrù àfi tí ẹsẹ̀ bá wà lórí kílọ́ọ̀ṣì. Lóòótọ́, wọ́n á ṣì sọ gíà kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa tú inú gíà, kò sì sẹ́ni tó máa ní kí ẹ lọ ra gíà tòkunbọ̀.

Gíà tó ń le wọlé tún lọ́tọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún gbìyànjú. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọlé wẹ́rẹ́, tó sì jẹ́ pé bí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì ló ń kọ̀, kílọ́ọ̀ṣì ni kò já dáadáa. Ẹ wo omi kílọ́ọ̀ṣì lókè, kí ẹ wá ṣí rọ́bà orí sílíńdà kékeré tó wà lára gíà nísàlẹ̀. Bí ibẹ̀ bá tutù, ó ti ń jò. Omi búréèkì ni wọ́n ń rọ síbẹ̀, DOT 3 tàbí DOT 4 gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ bá ṣe béèrè. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, ńṣe ni yóò wú gbogbo rọ́bà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nọ́ńbà méjì nìkan ló ń han bí ẹ bá fẹ́ ki gíà bọlé, tí ìyókù dára, òrùka idẹ tó ń bá gíà náà mú eré dọ́gba ló ti jẹ. Ọ̀kan lára ohun tó ń jẹ ẹ́ ni ọ́ìlì tí kò bá a mu. Orí ike ọ́ìlì gíà ni wọ́n ń kọ GL-4 tàbí GL-5 sí: gíà tó bá béèrè GL-4, ẹ má rọ GL-5 sí i, bí oníṣọ́ọ̀bù tilẹ̀ búra pé ìkan náà ni wọ́n.

Gíà tó ń fò jáde fúnra rẹ̀? Ẹ wo síìtì ẹ́ńjìnnì àti ti gíà ná, ìyẹn àwọn rọ́bà tí wọ́n jókòó lé.

Òkè Mpape àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Nyanya ló ń pa kílọ́ọ̀ṣì jù nílùú yìí, torí àwọn awakọ̀ ń fi kílọ́ọ̀ṣì di ọkọ̀ mú sórí òkè dípò háńbúréèkì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń hó tí ọkọ̀ kò sáré tó bẹ́ẹ̀, ẹ dúró sí ibi gbalasa, ẹ fa háńbúréèkì le, ẹ ki nọ́ńbà mẹ́ta bọlé, kí ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì kú. Bí kò bá kú, dísìkì kílọ́ọ̀ṣì ti tán. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Bí ẹ bá ń tún un ṣe, ẹ̀ ń jó ìyókù ni.

Ariwo tó bá ń tẹ̀lé eré táyà, abẹ́ ni ẹ wò. Golf tó ń ná Kaduna, bó bá ń dún kọ-kọ-kọ nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ ọwọ́ tán pátápátá, jọ́ìn ìta lára ṣáàfù, ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú, ni. Ẹ wá gírísì tó fọ́n sí ẹ̀yìn ríìmù, torí ibi tí rọ́bà rẹ̀ ti ya ni iyanrìn gbà wọlé. Bíárìn táyà máa ń hu bí ọkọ̀ òfúrufú. Bí híhu náà bá pọ̀ sí i nígbà tí ẹ yà sósì, apá ọ̀tún ni ẹ kọ́kọ́ jáàkì, torí ibẹ̀ ni ẹrù wọ́ lọ. Ní ti àwọn bọ́ọ̀sì tó ní pòpẹ́là, ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára láti gíà lọ sẹ́yìn, bó bá dún "kọ̀" nígbà tí ẹ bá ti rìfáàsì bọ́ sí nọ́ńbà kìn-ín-ní, ẹ dá táyà dúró pẹ̀lú òkúta, ẹ fọwọ́ yí pòpẹ́là. Bí spider, jọ́ìn tó wà lórí pòpẹ́là, bá ń mì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó já lọ́nà Lokoja.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa back axle, ilé irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ni pé ó ní ihò kékeré kan lókè tó fi ń mí. Bí ọ́ìlì bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀. Eruku ọyẹ́ tó dì pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, tàbí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko, á dí ihò náà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà jáde, á ti ọ́ìlì gba ojú síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́, á bọ́ sínú búréèkì ẹ̀yìn. Awakọ̀ á pààrọ̀ síìlì lónìí, yóò tún jò láìpẹ́, á sì máa bú ẹni tó ta síìlì. Ẹ kọ́kọ́ nu ihò yẹn.

Bí ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́ìlì náà láti wò ó, irin lẹ́búlẹ́bú lára nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà jáde kò ṣe nǹkan. Irin tó bá wà ní ègé-ègé ni wàhálà. Nọ́ọ̀tì òkè tí wọ́n ń gbà rọ ọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ tú o, kí ẹ tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Bí ti òkè bá ti dípẹtà tí kò ṣí, tí ẹ sì ti da gbogbo ọ́ìlì sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọkọ̀ yóò sùn.