Michigan 1947: ta ni bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìdíje mẹ́wàá ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Yunifásítì Michigan gbá ní sáà 1947, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n sì ti jáwé olúborí. Àmì 394 ni wọ́n jẹ. 53 péré ni àwọn alátakò rí jẹ. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà là ń sọ o, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní agbára ni wọ́n fi borí. Mi ò gbà. Bí wọ́n ṣe mọ bọ́ọ̀lù í fi pa mọ́ ni.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìgbà náà ti bọ́ sórí ètò T, níbi tí quarterback, ẹni tó ń darí ìkọlù, ti ń fọwọ́ gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn center gan-an, ìyẹn ẹni àárín iwájú tó ń fi bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ eré. Fritz Crisler, akọ́nimọ̀ọ́gbá Michigan, kò kúrò lórí ètò tí wọ́n ń pè ní single wing. Níbẹ̀, center ń ju bọ́ọ̀lù láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ẹni tó dúró lókèèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo Jack Weisenburger tó jẹ́ fullback, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dúró lẹ́yìn láti gbé bọ́ọ̀lù sáré. Bọ́ọ̀lù bọ́ sí i lọ́wọ́, ó kẹ̀yìn sí alátakò, ó gbá a mọ́ ikùn. Bob Chappuis sáré kọjá níwájú rẹ̀, apá méjèèjì ká mọ́ inú bí ẹni gbé ọmọ pọ̀n síwájú. Bump Elliott gba òdìkejì kọjá, òun náà ká apá mọ́nú. Weisenburger lè fún ọ̀kan nínú wọn, ó sì lè yí tán kó gbé e já àárín fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn, á sáré lọ síwájú bí ẹni fẹ́ já wọlé, á wá rọra ki bọ́ọ̀lù bọ Howard Yerges tó jẹ́ quarterback lọ́wọ́.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ pọ̀. Bí center bá ju bọ́ọ̀lù ga jù, fullback á gbójú sókè, ìṣísẹ̀ á yẹ̀. Bí ẹni tí kò gba nǹkan kan bá dẹ eré, alátakò á fi í sílẹ̀, á dojú kọ ẹni tó gbé e. Àyípo náà tún ń gba àkókò, nítorí náà àwọn tó ń dínà níwájú gbọ́dọ̀ dá alátakò dúró pẹ́ ju ti ètò T lọ.

Irú èyí ò ṣeé kọ́ láàbọ̀, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n kejì Crisler ti wúlò. Láti 1941 ni òfin ti gbà kí wọ́n máa pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù fàlàlà. Ní Oṣù Kẹwàá 1945, ọ̀dọ́mọdé ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó fẹ́ pàdé Army, ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ológun Amẹ́ríkà, ní Yankee Stadium. Ó pín wọn sí méjì: àwọn kan fún ìkọlù, nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ wọn, àwọn kan fún ìdènà, nígbà tó bá wà lọ́wọ́ alátakò. Army nà wọ́n 28 sí 7, àmọ́ Crisler kò jáwọ́. Nígbà tó fi di 1947, àwọn tó re ogun ti dé. Chappuis wà lára wọn: wọ́n já bàálù rẹ̀ lulẹ̀ ní Ítálì, àwọn ará ibẹ̀ ló fi í pa mọ́. Àwọn díẹ̀ ṣì ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọlu ráyè fi ọ̀sẹ̀ wọn kọ́ àyípo.

Minnesota (13 sí 6) àti Illinois (14 sí 7) nìkan ló dẹ́rù bà wọ́n. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1948, ní Rose Bowl, ìdíje ńlá tí wọ́n ń gbá lẹ́yìn sáà, wọ́n na USC (Yunifásítì Southern California) 49 sí 0. Weisenburger jẹ touchdown mẹ́ta, ìyẹn ni pé ó gbé bọ́ọ̀lù dé òpin ilẹ̀ alátakò lẹ́ẹ̀mẹta.

Ṣùgbọ́n AP, ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press tó ń fi ìbò àwọn oníròyìn to àwọn ẹgbẹ́ yunifásítì sípò, ti dìbò kí wọ́n tó gbá a, ó sì ti fi ẹgbẹ́ Yunifásítì Notre Dame sípò kìn-ín-ní. Notre Dame náà ò pàdánù ìdíje kankan. Ẹ fi àwọn tí àwọn méjèèjì jọ pàdé wé ara wọn: Notre Dame na Pittsburgh 40 sí 6, Michigan nà án 69 sí 0. Northwestern: 26 sí 19, àti 49 sí 21. USC: 38 sí 7, àti 49 sí 0. Lójú tèmi, Michigan ni ipò náà tọ́ sí. AP tún ìbò náà dì lẹ́yìn Rose Bowl, Michigan rí 226, Notre Dame 119, àmọ́ wọn ò yí àkọsílẹ̀ padà. Crisler fi iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá sílẹ̀ lẹ́yìn sáà náà. Bennie Oosterbaan gbà á, ó di single wing mú, ó borí nínú ìdíje mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ọdún 1948, AP sì fi Michigan sípò kìn-ín-ní.