Ẹ Má Retí Kí Onítẹ́rápì Sọ Ohun Tẹ́ Ẹ Máa Ṣe

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé òun ló kù díẹ̀ kó lé mi sá, mi ò sì fẹ́ kó lé ẹlòmíì: ẹ má lọ bá onítẹ́rápì, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ láti máa gbọ́ ohun tó ń dun èèyàn lọ́kàn, kẹ́ ẹ máa retí ìmọ̀ràn.

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK níbí lẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ṣe ń rí. Tèmi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba, wọn ò tíì dá mi lóhùn, nígbà tí màmá mi kú ní Ìkirè. Tẹ́ ẹ bá sì jáde nílùú kí wọ́n tó dáhùn, ṣe ni wọ́n á kà á sí pé ẹ ti fa ìbéèrè yín sẹ́yìn. Ìyàwó àtọmọ wà lára ìwé yẹn. Èmi sì ni àkọ́bí. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹnì kan gbé gbohùngbohùn níbi ìsìnkú náà, ó sọ ọ́ jáde, mo sì gbọ́ ọ lórí fóònù ní Leeds níbí.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti wo fídíò ìsìnkú náà, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, nínú yàrá kótópó tá à ń kó bẹ́ẹ̀dìṣíìtì sí. Mo gbé fóònù ti àwọn táwẹ́ẹ̀lì. Àbúrò mi bu erùpẹ̀, ó gbé ṣọ́bìrì sókè, fídíò sì dúró pa. Ọwọ́ ẹ̀ wà lókè, kò wálẹ̀. Nígbà tí àwòrán máa padà, wọ́n ti kúrò nídìí sàréè, onílù ti ń kì wọ́n, wọ́n ti ń pín mọ́ínmọ́ín. Bàbá kan tẹ aago nínú yàrá ẹ̀, ó fẹ́ lọ tọ̀. Mo nu ojú, mo lọ bá a.

Láti ọjọ́ yẹn, oorun dá lójú mi. Mo lè dé láti ibi iṣẹ́ kí n jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé títí ìyàwó mi á fi wá kan gíláàsì. Àwọn èèyàn mi ò fi mí sílẹ̀ o, kẹ́ ẹ má baà sọ pé mò ń bú wọn. Àmọ́ ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí: màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, òkú ayọ̀ ni, ṣebí ìwọ lo fowó ránṣẹ́, ọkùnrin kì í ṣe báyìí.

Nọ́ọ̀sì ará Ghana kan níbi iṣẹ́ ló là mí lọ́yẹ̀. Ó ní tẹ́ ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ní England, kò dìgbà tí dókítà bá kọ̀wé, ẹ lè fúnra yín forúkọ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies, ìyẹn tẹ́rápì ìjọba, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì lè wá ògbufọ̀ fún yín. Irú èyí tí wọ́n fún mi ni wọ́n ń pè ní person-centred. Carl Rogers, ará Amẹ́ríkà kan tó kú ní 1987, ló dá a sílẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé kì í ṣe ti onígbàgbọ́, ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ní New York ni Rogers kọ́kọ́ lọ kó tó yà sídìí ìmọ̀ nípa ọkàn. Mo ṣì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì mi.) Ohun tó kọ ní 1957 ni pé kí onítẹ́rápì gba èèyàn bó ṣe wà láìdá a lẹ́jọ́, kó gbìyànjú láti fojú onítọ̀hún wo ọ̀rọ̀, kó má sì díbọ́n. Ìmọ̀ràn ò sí níbẹ̀.

Ìyá òyìnbó kan ni tèmi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó là á sílẹ̀ pé ìṣẹ́jú 50 la ní, pé ohun tí mo bá sọ kò ní jáde, àfi tí ẹ̀mí mi tàbí ti ẹlòmíì bá wà nínú ewu, àti pé ẹnì kan wà tó ń bójú tó iṣẹ́ òun, tóun ń bá sọ̀rọ̀. Ó wá dákẹ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n ṣe?" Ó ní ó jọ pé ó wù mí kẹ́nì kan gba ẹrù náà lọ́rùn mi. Inú bí mi! Ìyá àdúrà ìjọ wa ì bá ti fún mi ní sáàmù mẹ́ta.

Mo tún padà lọ, ó tún dákẹ́, mo bá pariwo mọ́ ọn: "Èmi kì í ṣọmọ! Àbúrò mi lọmọ!" Ẹ ṣáà mọ ohun táwọn èèyàn wa máa sọ síyẹn. Kò sọ ọ́. Kò ní "má sọ bẹ́ẹ̀." Ó wò mí, omi lé sójú òun náà, kò fi pa mọ́, ó sì sọ wẹ́rẹ́ pé, "Lójú ara rẹ, ọjọ́ yẹn lo ti kúrò lọ́mọ màmá rẹ." Ẹkún tí mo ti gbé mì nínú yàrá bẹ́ẹ̀dìṣíìtì bá ya jáde. Páálí tíṣù wà lórí tábìlì, kò tì í sọ́dọ̀ mi. Mo bi í léèrè lẹ́yìn ìgbà náà, ó ní tóun bá tì í, ó lè dà bíi pé òun ní kí n nu ojú kí n dákẹ́.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, mo ń lọ, oorun padà, ìwé jáde, mo ti lọ sílé.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni èyí tí mo ti sọ: kò ní sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Èkejì jọ ọ́: ohun tẹ́ ẹ bá fúnra yín rí níbẹ̀ lẹ máa lè dì mú. Èmi ni mo pinnu pé kí n pe àbúrò mi, kí n sọ fún un pé mò ń jowú ṣọ́bìrì ọwọ́ ẹ̀. Ká ní ìyá yẹn ló ní kí n ṣe é ni, mi ò ní pè é láéláé.

Ẹ má ti ọ̀dọ̀ onítẹ́rápì lọ síbi iṣẹ́ tààrà, torí ó lè kọ́kọ́ dunni sí i. Tó bá jẹ́ pé owó ara yín lẹ máa san, ẹ yẹ orúkọ onítọ̀hún wò nínú ìwé orúkọ BACP tàbí UKCP, àwọn ẹgbẹ́ onítẹ́rápì, torí ní ilẹ̀ yìí, òfin ò ní kẹ́nikẹ́ni má pe ara ẹ̀ ní onítẹ́rápì. Ẹni tó bá ń lo oògùn kó má ṣe dá a dúró láìbá dókítà sọ ọ́. Ẹni tó bá ń gbóhùn tẹ́lòmíì ò gbọ́, ọsíbítù ló kàn. Tó bá sì ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ pa ara yín, ẹ pe Samaritans, àwọn tó ń tẹ́tí sẹ́ni tí ìdààmú bá, lórí 116 123, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e, ẹ má dúró de ọjọ́ tẹ́rápì.

Tí ohun kan nípa onítẹ́rápì yín bá ń bí yín nínú, ẹ sọ ọ́ fún un. Èmi sọ fún tèmi pé dídákẹ́ tó ń dákẹ́ ń bí mi nínú. Ó ní inú òun dùn pé mo sọ ọ́. Ó wá dákẹ́.