Mo lọ bi wọ́n léèrè Ogun Àgídìngbì ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Tí ẹ bá wọ rélùwéè Blue Line ní Mile 2, ẹ wá àyè sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ náà á gba Súúrù-Alábà, á gba Òrílé, á dúró ní National Theatre, lẹ́yìn náà ló máa wá gun orí omi. Ibẹ̀ ni mo ti dìde dúró. Àpápá wà lọ́wọ́ ọ̀tún pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ gíga tí wọ́n fi ń já ẹrù, Erékùṣù Èkó wà níwájú, ọ̀sà sì tẹ́ sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Ojú omi yìí ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé lọ́dún 1851, tí wọ́n yin àgbá lu Èkó títí iná fi sọ. Ogun Àgídìngbì ni àwọn àgbà ń pè é, àwọn mìíràn a ní Ogun Ahóyaya. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ méjèèjì lẹ́nu ìyá ìyá mi, bí ẹni ń dárúkọ ìbátan tó ti kú.

Ohun tó gbé mi dìde nílé ni àríyànjiyàn kan níbi ìnáwó kan ní Súrùlérè. Ọkùnrin kan ní òjijì ni ogun náà bá Èkó, pé wọn ò ṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì kàn wá ni. Èkejì ní irọ́ ni, pé wọ́n ti kìlọ̀ títí fún Kòsọ́kọ́ tó wà lórí ìtẹ́ Èkó nígbà náà, etí rẹ̀ ló di. Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé àwọn obìnrin ní láti dìde là wọ́n. Mo ronú pé tí ọ̀rọ̀ tó ti lé ní 170 ọdún bá ṣì lè mú àgbàlagbà méjì fa ara wọn láṣọ, ó yẹ kí n lọ bá àwọn tó ni ín.

N kò ní fi Marina dá yín dúró. Mo sọ̀, mo já sí Broad Street, mo dé gbàgede Tinúbú. Ibẹ̀ nìkan ni mo tẹsẹ̀ dúró sí, torí pé Ẹfúnróyè Tinúbú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ó dúró gbágbáágbá ti Ọba Akíntóyè, ẹni tí Kòsọ́kọ́ gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí nǹkan le fún un, bẹ́ẹ̀ òun náà ta ẹrú. Lọ́dún 1856, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lé e kúrò ní Èkó, ló bá forí lé Abẹ́òkúta. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ogun tó gbé ẹgbẹ́ tirẹ̀ wọlé nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn. Láti Tinúbú, mo bọ́ sí Ìdúmọ̀tà. Ẹni tó bá mọ Ìdúmọ̀tà mọ̀ pé ènìyàn kì í rìn níbẹ̀, wọ́n máa ń tì í lọ ni.

Wọ́n tì mí dé Ẹnu Ọ̀wá, nítòsí Ìgá Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó. Bàbá arúgbó kan jókòó sábẹ́ ìbòòji pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú ìjókòó, sà. Bàbá ní, "Ọmọ ilé wo ni ẹ́?" Mo dárúkọ ilé ìyá mi. Ó tún bi mí ní orúkọ ìyá ìyá mi, ó mi orí, ó ní kí n fa àga. Ìgbà yẹn ni mo tó lè béèrè ohun tó gbé mi wá.

Ó ní, "Kí o tó dé orí òyìnbó, inú ilé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."

Inú ilé náà ló ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Akíntóyè jọba lọ́dún 1841. Kòsọ́kọ́, ọmọ Ọba Ọṣìnlókun, jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìlú òkèèrè ló sì wà nígbà náà nítorí ìjà òun àti Elétù Òdìbò, ọ̀kan nínú àwọn olóyè ńlá Èkó. Akíntóyè ní kó máa bọ̀ wálé, ó sì fi í jẹ Ọlọ́jà Ẹ̀rékó. Àwọn olóyè kan kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ gbé ogun tì í nínú ilé ara rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Ogun Olómirò, ó sì gba orí ìtẹ́. Akíntóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, ó tún bọ́ sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé tí wọ́n bá lè dá òun padà sórí ìtẹ́, òun máa fòpin sí òwò ẹrú ní Èkó. Bàbá ní, "Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi mú wọlé tó lé mi síta, ta ni kí n ké sí? Ẹni tó bá lágbára náà ni."

Lẹ́yìn náà ló ya àwòrán ogun fún mi. Ó fi fóònù rẹ̀ ṣe Ìgá, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ṣe etí omi, ó sì ní kí ọmọ tó ń ta mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fún òun ní ìdérí ìgò díẹ̀. Ó to àwọn ìdérí náà sórí sìmẹ́ńtì, ó ti ọ̀kan síwájú pẹ̀lú ìka, ó ní, "Bloodhound rèé."

Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá 1851 ni ó ń sọ. John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé ní erékùṣù Fernando Po, ti wá bá Kòsọ́kọ́ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú pé kó tọwọ́ bọ ìwé láti dá òwò ẹrú dúró. Kòsọ́kọ́ ní abẹ́ Ọba Bìní ni Èkó wà, òun nìkan kò lè dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìyẹn ni Beecroft fi padà wá, tòun ti ọkọ̀ ogun Bloodhound àti ọ̀wọ́ ọkọ̀ kéékèèké tí àwọn ọmọ ogun kún inú wọn. Wọ́n ta àsíá funfun. Àwọn ará Èkó yìnbọn sí wọn láti èbúté. Àwọn náà dá a padà, wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n dáná sun ilé díẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú kò gbà wọ́n láyè. Wọ́n padà sínú ọkọ̀ pẹ̀lú òkú.

Ibí yìí ni èmi àti bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ó ní ẹni tó bá yìnbọn sí àsíá funfun ti jẹ̀bi, kò sí àlàyé mìíràn. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹni tó kó ìbọn àti àgbá wá sẹ́nu ọ̀nà mi, tó wá so aṣọ funfun mọ́ ọn, èwo ni kí n gbà gbọ́, aṣọ ni tàbí ìbọn?" Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní èmi kò sí níbẹ̀. Mo ní òun náà kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí mo gbà gbọ́ ni mo sọ, mo sì tún ń sọ ọ́ níbí: tí a bá ń wá òjijì nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ni kí a wò. Àlàáfíà ni wọ́n fi hàn lójú, ogun ni wọ́n gbé wá.

Ti oṣù kejìlá yàtọ̀. Kò sí òjijì kankan níbẹ̀. Àwọn ará Èkó ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ri òpó igi mọ́ inú omi kí ọkọ̀ má lè sún mọ́ ilẹ̀, wọ́n wa yàrà sí etí èbúté, wọ́n mọ odi, wọ́n sì to àgbá síbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí Kérésì kọjá, wọ́n wọlé ní ọjọ́ 26. Ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Teazer há sórí iyanrìn, ibi tí wọ́n ti ń gbìyànjú àtiyọ ọ́ ni wọ́n ti kú jù. Ẹ ò rí i pé ìlú náà jà! Ní ọjọ́ 27, wọ́n yin àwọn ọta oníná wọ inú ìlú, iná mú ẹ̀tù ìbọn, ó búgbàù, àwọn ilé tí wọ́n fi koríko bo òrùlé wọn sì ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jó. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ojú omi jáde. Akíntóyè wọlé. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1852, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òwò ẹrú parí ní Èkó, àti pé àwọn oníwàásù lè wọlé láìsí ìdíwọ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka òkú tiwọn. Wọ́n tó nǹkan bí 15, àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì lé ní 70. Mo bi bàbá pé mélòó ni tiwa. Ó dárúkọ àwọn jagunjagun, ó sọ ẹni tó sá àti ẹni tó padà wá. Mo ní rárá, àwọn tó kú, àwọn obìnrin, àwọn ọmọ tó wà nínú ilé tó jó. Ó ní, "Wọn ò sọ ìyẹn fún wa." Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ìrìn náà nìyẹn. A lè jiyàn lórí Akíntóyè àti Kòsọ́kọ́ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, a kò ní orúkọ ẹyọ ẹnì kan láti fi rántí àwọn tí àgbá bà.

Ní ọ̀sán, mo rìn lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ tó bá a dé Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n tẹ ibẹ̀ dó nígbà tí wọ́n padà sí Èkó ní 1862. Òṣòdì Tápà ló kó wọn wá, Nupe tí wọ́n mú wá sí ààfin ní kékeré tó sì di balógun. Ojú ibi tí ènìyàn dúró sí lè yí ìtàn padà pátápátá. Àlhájà kan tó ń ta aṣọ nínú agbo ilé kan gbọ́ ohun tí bàbá Ẹnu Ọ̀wá sọ, ó ṣẹ́ aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé torí ẹrú ni wọ́n fi wá? Ó dáa. Ní 1861 ńkọ́? Ẹrú wo ló kù nígbà yẹn?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú mi dákẹ́. Akíntóyè kú ní 1853, ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú jọba. Ní oṣù kẹjọ 1861, wọ́n gbé ọkọ̀ ogun Prometheus wá síwájú ìlú, wọ́n sì ní kí Dòsùnmú fi Èkó lé Ayaba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Kò fẹ́. Wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé àgbá wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 6, ó tọwọ́ bọ ìwé, wọ́n sì bù ú ní owó ẹyọ 1,200 àpò lọ́dún. Ọba tí wọ́n fi àgbá gbé bàbá rẹ̀ wọlé, àgbá náà ni wọ́n fi gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Epo pupa wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀nà tó wọ ilẹ̀ Yorùbá wà nídìí rẹ̀, Àlhájà kò sì purọ́.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní yunifásítì ló tún da ọ̀rọ̀ rú fún wa. Ó ní, "Ìyá àgbà, Àjàyí Crowther ńkọ́?" Wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó yìí kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti tà á fún àwọn Potogí ní 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lójú òkun. Ọdún 1851 náà ló dúró níwájú Ayaba Victoria, tó sì sọ pé kí wọ́n ran Akíntóyè lọ́wọ́. Ọmọ náà ní, "Ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ní èbúté wa, ṣé kó máa bá Kòsọ́kọ́ kẹ́dùn ni?"

Àlhájà ní Akíntóyè náà ta ẹrú. Ọmọ náà ní òun mọ̀, ìdí nìyẹn tí òun kò fi sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ibẹ̀ ni èmi náà dúró sí. Àsíá funfun oṣù kọkànlá jẹ́ ẹ̀tàn lójú mi, n kò ní yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n n kò lè sunkún ilé Kòsọ́kọ́ kí n gbàgbé àwọn tí wọ́n so mọ́ ara wọn nínú àgọ́ ẹrú ní etí omi, àwọn ọmọ Yorùbá tí ogun Yorùbá kó. Àwọn náà, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn.

Kí n tó kúrò, Àlhájà ní tí mo bá fẹ́ gbọ́ orúkọ òkú, Ẹ̀pẹ́ ni kí n lọ, pé àwọn ará Èkó Ẹ̀pẹ́, ọmọ àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ lọ tí wọn kò padà, ṣì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Ó fún mi ní orúkọ ilé kan tí mo máa béèrè. Tí òjò bá dá, màá lọ. Tí ẹ bá ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà níbẹ̀ tó rántí oríkì ẹnikẹ́ni tó bá ogun yẹn lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kí n tó gbéra.