Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Níbo Ni Iṣẹ́ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Dé?

Ọdún 2025 ti ń kógbá sílé. Àwa tí à ń bá àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣiṣẹ́, tí à ń tọ́jú fáìlì wọn, tí à ń bá wọn kọ àbádòfin, fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ọdún wa ní gbangba. A ò ní ka àpò ìrẹsì tàbí ọ̀kadà tí wọ́n pín. Òfin ò gbé ìyẹn lé aṣòfin lọ́wọ́, ó sì ń dùn wá pé òun ni ọ̀pọ̀ ará ìlú fi ń díwọ̀n ọ̀nọ́rébù wọn.

Ìjókòó ló ṣáájú. Abala 104 ìwé òfin 1999 ní kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ jókòó fún ọjọ́ 181 lọ́dún, ó kéré tán. Abala 109 sì ní kí aṣòfin tó bá pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìjókòó jẹ láìnídìí pàdánù ipò rẹ̀. Bí Ilé bá jókòó fún ọjọ́ 181 gééré, ẹni tó bá pa ọjọ́ 61 jẹ ti kọjá ààlà. Ìwé nìkan ló lè gbà á: ẹni tó ń darí Ilé gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwáwí rẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn. Kí aṣòfin má gbójú lé ìpè orí fóònù.

Ọ̀rọ̀ ìlànà náà ló dá wàhálà sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún yìí. Ní 13 oṣù kìíní, àwọn aṣòfin yọ Abẹnugan Mudashiru Ọbasa nígbà tó wà lókè òkun, wọ́n sì fi Mojisọla Meranda rọ́pò rẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà níbẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin 40 ni òfin béèrè, ìyẹn 27, wọ́n sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ní 3 oṣù kẹta, Meranda kọ̀wé fipò sílẹ̀, Ọbasa padà sórí àga. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà ní ìjókòó tí wọ́n fi yọ ọ́ kò bófin mu, torí Ilé wà ní ìsinmi, Abẹnugan ò sì pàṣẹ kí wọ́n pé jọ.

Ní ti àbádòfin, kíkà àkọ́kọ́ rọrùn, orúkọ rẹ̀ lásán ni wọ́n ń kà. Ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ni ọ̀pọ̀ ń kú sí, torí kò sẹ́ni tó ń lé e kí wọ́n pe àpérò ìtagbangba, tàbí torí ó fẹ́ dá àjọ tuntun sílẹ̀ láìsọ ibi tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á ti wá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wọ oko ìjọba àpapọ̀, bíi ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Bó bá dé ọ̀dọ̀ gómìnà, ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fọwọ́ sí i. Bó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta lè sọ ọ́ dòfin: 22 nínú 32 l'Ọ́yọ̀ọ́, 18 nínú 26 l'Ógùn.

Ètò ìṣúná ló ń gba oorun lójú wa jù. Ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó kọ̀ọ̀kan á pe iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó, á bi wọ́n pé èló ni wọ́n rí gbà lọ́dún tó ń lọ, èló ni wọ́n ná. Ìbéèrè yẹn ni kí aṣòfin di mú, torí ọ̀nà kan lè wà nínú ìwé fún ọdún mẹ́ta kí kọ́bọ̀ má jáde. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ pẹ̀lú. “Àtúnṣe àwọn ọ̀nà ní agbègbè ìdìbò” ò so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe lè da yanrìn síbì kan, kó ní òun ti parí. Orúkọ òpópónà, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, iye mítà, ọ̀dà ni àbí kọnkéré, gọ́tà ẹ̀gbẹ́ kan ni àbí méjì: kí gbogbo rẹ̀ hàn. Bí ìṣúná bá sì pẹ́, abala 122 gba gómìnà láyè láti náwó fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kìkì èyí tí iṣẹ́ ìjọba ò fi ní dúró. Iṣẹ́ tuntun ò ní lè bẹ̀rẹ̀, òjò á sì ti dé kí katapílà tó wọ̀lú.

Ilé tó wọlé ní oṣù kẹfà 2023 máa parí ní oṣù kẹfà 2027. Àbádòfin tí kò bá tíì dòfin nígbà náà á bá a lọ, àwọn tuntun á sì tún un bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú á gba ọkàn ọ̀pọ̀ wọn lọ́dún 2026. Torí náà, gbogbo àbádòfin tó wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó báyìí, a fẹ́ kí àpérò ìtagbangba rẹ̀ wáyé kí oṣù kẹta tó parí.