Ẹfọ̀n inú yìnyín ní Lamar

Ọjọ́rú, oṣù Kejì

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni èmi àti àbúrò mi obìnrin ti kúrò ní Gardiner. Nígbà ọ̀gìnnìtìn, ọ̀nà tó lọ láti ibẹ̀ sí ìlú Cooke City nìkan ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè máa gbà nínú Yellowstone, ọgbà ńlá tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń dáàbò bo ẹranko igbó. Yìnyín ti dí àwọn yòókù. Ó dára fún wa, torí ọ̀nà yìí ló gba àfonífojì Lamar kọjá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹfọ̀n ń forí ti òtútù sí.

Ẹfọ̀n tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ọdẹ wa ń kì nínú ìjálá. Bísọ́ọ̀nù ni: irun bò ó, iké wà léjìká rẹ̀, akọ rẹ̀ tó bá gbó dáadáa sì lè wọn 900 kìlógíráàmù. A bá agbo kan lẹ́bàá odò bí òòrùn ṣe ń yọ. Mo yà síbi tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ láti dúró, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo gbé àpò kékeré tí mo rọ ìrẹsì sí lé ojú fèrèsé, mo sì tẹ́ lẹ́ńsì lé e. Ọkọ̀ ni ibùba wa. Ẹran tó máa fura sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kì í sábà ka ọkọ̀ sí.

Abo kan wà níwájú. Ó ti orí bọ inú yìnyín títí kan ojú, ó wá ń gbá a sọ́tùn-ún, ó ń gbá a sósì, bí ẹni ń fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn. Iṣan inú iké yẹn ló ń gbé orí wíwúwo náà. Bó bá walẹ̀ kan ilẹ̀, koríko gbígbẹ díẹ̀ ni yóò rí já jẹ, á sún síwájú, á tún bẹ̀rẹ̀. Èémí rẹ̀ ti dì mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Yìnyín tó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kò yọ́ rárá, torí irun rẹ̀ ki débi pé ooru ara rẹ̀ kò ráyè jáde.

Àbúrò mi wo ojú kámẹ́rà, ó ní, “Bọ̀dá mi, ó mà kéré jù. Ẹ fà á mọ́ra, ká rí ojú ẹ̀ dáadáa.”

Mo ní rárá. Ojú rẹ̀ nìkan, èèyàn lè yà á nínú ọgbà ẹranko ìlú ńlá èyíkéyìí. Ohun tí mo bá wá ni ojú ọ̀nà jíjìn tó ti gbẹ́ sẹ́yìn láti òwúrọ̀, odò tó ń rú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti òkè funfun tí kò sí ewé kan lórí rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá wo fọ́tò náà mọ ohun tí ẹnu ẹran yìí ń rí kó tó kan koríko. Mo pààrọ̀ lẹ́ńsì, mo fi abo náà sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, mo sì jẹ́ kí ojú ọ̀nà tó gbẹ́ gba ìyókù àwòrán náà.

Yìnyín ní wàhálà tiẹ̀. Bí kámẹ́rà bá rí funfun rẹpẹtẹ, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì sọ gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ eérú, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Bátìrì kejì wà nínú àpò ẹ̀wù tó kan ara mi, torí òtútù máa ń gba agbára rẹ̀ kíákíá. Kí n tó wọ yàrá tó móoru, inú ọ̀rá ni mò ń di kámẹ́rà sí; bí ìrì bá máa sẹ̀, ara ọ̀rá ni kó sẹ̀ sí.

Ọkùnrin kan ló fẹ́ ba ọ̀sán wa jẹ́. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé fóònù dání, ó sì ń lọ tààrà bá abo náà. Òfin ọgbà ni pé kí èèyàn jìnnà sí ẹfọ̀n ní mítà 23, kó sì jìnnà sí béárì àti ìkookò ní mítà 91. Ìrù ẹran náà nà sókè. Nígbà tí ìrù bá ti nà báyìí, ó ṣeé ṣe kó kọ lu èèyàn, kò sì sí ẹran tó tíì ṣe èèyàn léṣe tó ẹfọ̀n ní Yellowstone. A pariwo, ọkùnrin náà padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ẹ̀mí tirẹ̀ nìkan ni inú ṣe bí mi. Ọ̀rá ara tí abo yìí kó jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa gbé e dé ìgbà tí koríko tuntun bá hù. Ẹni tó bá lé e sáré nínú yìnyín torí fọ́tò ti jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀, bóyá inú rẹ̀ ló sì gbé ọmọ sí.

Lálẹ́, mo sọ ọ̀rọ̀ Haynes fún àbúrò mi. Ní oṣù Kẹta 1894, wọ́n mú ọdẹ kan, Edgar Howell, ní Pelican Valley níbi tó ti ń bó awọ àwọn ẹfọ̀n tó pa. Nígbà náà, kò sí ìyà gidi tí wọ́n lè fi jẹ ẹ́ ju pé kí wọ́n lé e jáde. F. Jay Haynes, ayàwòrán, wà nínú ọgbà lásìkò yẹn, ó sì ya àwọn ọmọ ogun pẹ̀lú orí àwọn ẹran náà. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún, òfin ti jáde tó lè sọ ẹni tó bá pa ẹran níbẹ̀ sẹ́wọ̀n. Síbẹ̀, nǹkan bí 23 péré ló kù nínú ọgbà ní 1902, kí wọ́n tó ra 21 sí i láti Montana àti Texas. Ní 1907 ni wọ́n kó àwọn tí wọ́n ń sìn wá sí Lamar yìí kan náà.

Àbúrò mi ní òun ló máa di kámẹ́rà mú lọ́la. Coyote, ẹranko igbó tó jọ ajá, ló fẹ́ yà, níbi tó bá ti ń dẹtí sí eku lábẹ́ yìnyín kó tó fò sókè. Bí wọ́n bá ti wa yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, ìtòsí Slough Creek la máa kọ́kọ́ dúró sí. Bátìrì ti wà lójú iná.